Ta Ni Yóò Sìn Ín?

 

Nígbà tí ìwé ìpè tẹ̀ mí lọ́wọ́, tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ikú abiyamọ ṣe ń pa ẹ̀yà kan ju èkejì lọ, àti ohun tí ará àdúgbò lè ṣe sí i, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ní Mile 2, ní Èkó níbí? Èèyàn lè gbé Agbójú fún ogún ọdún kó má bá òyìnbó pàdé lójúkojú, àfi tó bá ka àwọn ará Ṣáínà tó wá la ojú irin fún wa mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo tún inú rò. Ilé tí mo ń gbé ní Festac yìí, ta ni wọ́n tilẹ̀ kọ́ ọ fún ná? Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ìran aláwọ̀ dúdú káàkiri àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Ìjọba ológun ìgbà náà kọ́ ìlú yìí láti fi gbà wọ́n lálejò. Ará Amẹ́ríkà, ará Bùràsílì, ará erékùṣù Caribbean, inú irú yàrá tí àwa ń sùn lónìí ni wọ́n sùn. Nígbà tí àlejò lọ, onílé wọlé.

Bí obìnrin Amẹ́ríkà tó sùn ní yàrá mi lọ́dún náà bá padà wá lónìí, tó ti di ìyá àgbà bíi tèmi, tí a jọ jókòó tí a ń jẹ ẹ̀pà, tí ọ̀rọ̀ wá dórí ọmọ bíbí, ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ohùn wa ṣe máa ṣọ̀kan tó.

Yóò sọ fún mi pé pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba àwọn, nínú ìbímọ 100,000, àwọn ìyá dúdú tó bá ọmọ bíbí lọ lọ́dún 2023 lé ní 50. Àwọn funfun kò tó 15. CDC, àjọ ìdènà àrùn tiwọn, ló ka òkú náà, kì í ṣe àhesọ. Yóò sì tún sọ fún mi pé kì í ṣe òṣì nìkan ló ń pa wọ́n. Dókítà Shalon Irving, obìnrin dúdú, ọ̀mọ̀wé, CDC yẹn gan-an ló ń bá ṣiṣẹ́, orí ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìlera ẹni kan àti ti ẹlòmíì sì ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Ó bímọ ní oṣù kìíní ọdún 2017. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lọ bá àwọn onímọ̀ ìlera lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní ara òun kò yá. Kò lo oṣù náà tán. Ọdún yẹn kan náà, oṣù kẹsàn-án, Serena Williams bímọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin tó ń gbá tẹ́níìsì. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì lára òun, èémí rẹ̀ há, ó sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ló ń dà á lọ́kàn rú. Àfi ìgbà tó takú ni wọ́n tó yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, tí wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀. Owó wà, òkìkí wà, síbẹ̀ àfi kó takú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ wa pọ̀ sí bí yanrìn, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 ní ewu ikú obìnrin dúdú nídìí ọmọ bíbí tó ìlọ́po márùn-ún ti obìnrin funfun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn ìyá méjì kan, Tinuke Awe àti Clotilde Abe, dá ẹgbẹ́ Five X More sílẹ̀. Orúkọ Tinúkẹ́ kò nílò ògbufọ̀ níbí. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ aláboyún ni pé kó wá ẹnìkan tí yóò dúró tì í, tí yóò máa gbẹnu sọ fún un nílé ìwòsàn. Ẹ fi ìyẹn sápò. Màá tún béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Nínú ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà, ìlọ́po márùn-ún ti sún sílẹ̀ sí nǹkan bí mẹ́ta. Mẹ́ta náà kò ṣeé yangàn.

Ó wá kan èmi onílé láti fèsì. Kí ni màá sọ fún àlejò mi? Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní Nàìjíríà lọ́dún 2023, nínú ìbímọ 100,000, abiyamọ 993 ló kú. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ tó 75,000 láàrin ọdún kan, èyí tó ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Òun ń sunkún nítorí àádọ́ta, èmi gbé ẹgbẹ̀rún ó dín díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sì sí òyìnbó kankan nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Dúdú ni dókítà, dúdú ni nọ́ọ̀sì, dúdú ni ẹni tó dùbúlẹ̀. Ta ló wá ń fojú pa ta rẹ́?

Ẹ bá mi yẹ ìjọba ìbílẹ̀ Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin wa wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Lójú kan, ẹ ó rí avenue gbọọrọ, ilé ìwòsàn aládàáni lọ́tùn-ún lósì, Ilé Ìtọ́jú Ìyá àti Ọmọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èèyàn láti Mile 2 lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ yí aṣọ náà padà. Ẹ̀yìn Festac yìí omi ni. Lójú omi ni Ìbẹ̀ṣẹ̀ wà, Ìlàṣẹ̀, Ìrèdè, Tómárò, àti àwọn mìíràn tí a kì í rántí àfi lásìkò ìbò. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Ọmọ Ègùn, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Àwórì ló pọ̀ níbẹ̀, ẹja ni iṣẹ́ wọn. Láti òru dé àárọ̀, ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè kúrò níbẹ̀. Àní lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, ẹni tó ń gbé Kìríkìrì rántí àwọn ọdún tí ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ àjàgbé fi ọ̀nà márosẹ̀ ṣe ibùsùn, tí aláboyún ń fẹsẹ̀ rìn láàrin táyà lọ sí Mile 2.

Ìlà tó wà láàrin wa nìyẹn. Amẹ́ríkà fi àwọ̀ fà á. Àwa fi omi fà á, a fi owó fà á, a fi èdè fà á. Àfikún kan wà tí a kì í fẹ́ sọ: a tún fi bí obìnrin ṣe múra wọlé fà á. Ẹni tó wé gèlè, tó ní fóònù tó dáa lọ́wọ́, "ẹ pẹ̀lẹ́, màmá, ẹ jókòó." Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń rùn bí ẹja, "ìwọ, yí síbẹ̀."

Mo lè sọ ọ́ nítorí pé mo ti ṣe é.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Aago mẹ́rin ìdájí, ọkùnrin méjì gbé obìnrin kan wọlé lórí pákó ìjókòó ọkọ̀ ojú omi. Ìró rẹ̀ tutù rinrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé okùn sílípáàsì ti rì sínú ẹran. Èmi ń kọ̀wé lọ́wọ́. Mo gbójú sókè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu mi jáde ni, "Káàdì dà?"

Kò dáhùn. Mo ní, "Ṣé ibí lo ti forúkọ sílẹ̀?" Ó ń sọ nǹkan, Ègùn ló ń sọ, n kò gbọ́. Mo wá pariwo mọ́ ọn, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní orí ló ń fọ́ ọ láti ọ̀sán, pé ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níjòókòó, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti fi béèrè káàdì kí n tó we aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá. 190 lórí 120. Kí a tó fa magnesium sulphate, oògùn gìrì, sínú abẹ́rẹ́, gìrì ti kì í mọ́lẹ̀.

Ìyá yè é. Ọmọ kò yè é.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ọkàn rẹ̀ wálẹ̀, a wá ẹni tó gbọ́ Ègùn. Ta la rí? Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó ti gbálẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó bi í rí pé èdè wo ló ń sọ nílé. Òun ló jókòó létí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan fún èkejì. A gbọ́ pé aláìsàn wa ní káàdì. Ó wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ ẹní, nílé. Ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́ẹ̀mẹrin níbòmíràn. Ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun. Orí ti ń fọ́ ọ láti aago méjì ọ̀sán, ó sì mọ̀ pé kò dára, nítorí nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ti kìlọ̀ fún un. Ó wá ọkọ̀. Atukọ̀ kan ní epo òun ti tán. Èyí tó ní epo ní kí owó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n dúró de ìyàwó àgbà. Láti aago méjì ọ̀sán dé aago méjì òru.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò tọ́ka sí orí rẹ̀ nígbà tí mo ń pariwo. Obìnrin agbálẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó gbọ́, ó dákẹ́ díẹ̀, ó fèsì. Ó ní òun kò mọ̀ pé èèyàn lè sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ wo òun ná kí ẹ tó béèrè ìwé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá ètò ìlanilóye tí a ń ṣe jà nínú ọkàn mi. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ. A ó wọ ẹ̀wù kan náà, a ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí èbúté, a ó pín àwọ̀n ẹ̀fọn àti ọṣẹ, a ó ní, "Ẹ̀yin aláboyún, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn o." A ó ya fọ́tò, a ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹni ń sọ fún ẹlẹ́ja pé omi wà nínú odò. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iye èèyàn àti ìlera lọ́dún 2018 ti tú àṣírí wa: nínú ọgọ́rùn-ún aboyún ní Nàìjíríà, 67 ló lọ rí onímọ̀ ìlera fún àyẹ̀wò oyún, ṣùgbọ́n 39 péré ló bímọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká wo méjìdínlọ́gbọ̀n tó wà láàrin méjèèjì yẹn. Wọ́n mọ ọ̀nà. Wọ́n ti rin ín rí, pẹ̀lú ikùn níwájú. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an ni wọn kò dé ibẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ilẹ̀ ṣú. Owó kò sí. Ọkọ kò sí nílé. Ìyá ọkọ ní òun bí méje lórí ẹní. Bóyá ó tilẹ̀ rántí ohun tí nọ́ọ̀sì pè é ní ọjọ́ tó lọ kẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé jọ sórí obìnrin kan ṣoṣo tó ń rọbí, ibi tó bá sún mọ́ ọn ló máa yà sí. Ìwádìí kan tí Ọ̀mọ̀wé Aduragbemi Banke-Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tọ ipasẹ̀ àwọn aláboyún tó lé ní 4,000 tí wọ́n gbé pẹ̀lú pàjáwìrì dé ilé ìwòsàn ìjọba 24 ní Èkó. Kì í ṣe bí ilé ṣe jìnnà tó nìkan ló hàn níbẹ̀. Wọ́n á dé ibì kan, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ síbòmíì, ọ̀nà á tún bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ẹ lè rí òrùlé ilé ìwòsàn kó sì gbà yín ní wákàtí méjì kí ẹ tó débẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dùn mọ́ mi: sìn. Àlejò ń lọ, o sìn ín dé kọ́nà. Ìyàwó ń lọ, wọ́n sìn ín dé ilé ọkọ. Ẹ wá wo àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ó di sin ín. Àmì kékeré kan ló ya ẹni tí a bá rìn sọ́tọ̀ sí ẹni tí a gbẹ́ ilẹ̀ fún. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi orúkọ tẹ̀ lé e, tí ẹ ní ẹ fẹ́ sin aláboyún, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn mọ́. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí máa ń bà mí, mo sì rò pé ó yẹ kó máa ba gbogbo wa. Ohun tí obìnrin ojú omi yẹn ṣe aláìní kì í ṣe ìmọ̀. Kò rí ẹni tí yóò sìn ín.

Ṣé kò ní í dùn tí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó? Ó wà. A kàn ń lé e ni. Àwọn agbẹ̀bí wa ni mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àlejò mi díẹ̀. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyá àgbà dúdú ló ń gbẹ̀bí fún dúdú, nígbà tí ilé ìwòsàn kò fẹ́ rí wọn. Ìpínlẹ̀ Georgia ní kí George Stoney ṣe fíìmù kan láti fi kọ́ irú àwọn agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ níṣẹ́. All My Babies ni wọ́n pè é, ó jáde lọ́dún 1953. Mary Coley ti ìlú Albany ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, obìnrin tó gba ọmọ tó lé ní 3,000. Èmi ti wo fíìmù náà. Ẹ rí bó ṣe ń fọ ọwọ́, bó ṣe ń da omi gbígbóná, bó ṣe ń bá aláboyún sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí ni, kò yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Mazamaza níbí. Kò pẹ́ tí òfin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Alabama fòfin dè é lọ́dún 1976. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ti tó. Lónìí, ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà, owó ni wọ́n ń san kí obìnrin dúdú kan lè bá aláboyún dúdú jókòó, kó dì í lọ́wọ́ mú, kó bá a béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dókítà. Wọ́n pè é ní doula. Wọ́n sọ ìyá àgbà nù, wọ́n tún fowó ra òjìji rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò wá tẹ́ ẹní fún agbẹ̀bí. Mo ti fi ojú mi rí ilé agbẹ̀bí tí wọ́n ti fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ikùn obìnrin títí ilé ọmọ fi ya. Mo ti gba obìnrin tí wọ́n fi àgbo rọ yó láti ilé agbẹ̀bí, tí wọ́n fi ọjọ́ méjì sọ fún un pé ọmọ ń bọ̀. Mo ti gba ti ilé àdúrà pẹ̀lú, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà tí wọ́n ń kọrin lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ orin. Obìnrin tí ara rẹ̀ le koko lè ti ipa ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kú láàrin wákàtí méjì. Ẹni tó bá ní àbíwẹ́rẹ́ òun lè dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ẹ bi obìnrin tó bímọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí pé kí ló rí níbẹ̀. Yóò ní ó mọ orúkọ òun. Ó gbọ́ èdè òun. Ó gba owó díẹ̀díẹ̀, òmíràn tilẹ̀ gba ẹja. Nígbà tí òun kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti òun. Ó fún òun ní ẹ̀kọ gbígbóná mu, ó wẹ ọmọ fún òun títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nínú gbogbo ohun wọ̀nyí, èwo ni oògùn? Èwo nínú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn kò lè ṣe?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbìyànjú ohun kan tí mo fẹ́ kí Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin jí wò. Lọ́dún 2009, lábẹ́ Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun náà jẹ́ dókítà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Àbíyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera fún àwọn aláboyún, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ó ń lọ bá wọn nílé. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù láti pè é lóru. Lọ́dún 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tí wọ́n mú wá má baà dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó. Síbẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn kan ṣì ń yà sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Lọ́dún 2014 ni wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un. Agbẹ̀bí tó bá mú aláboyún wá sí ilé ìwòsàn, ó gba owó lórí rẹ̀. Wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, nítorí wọn kò tan ara wọn jẹ: ẹni tó fi ìgbẹ̀bí jẹun kò ní í fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwàásù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n yí iṣẹ́ agbẹ̀bí padà láti ẹni tó ń gba ọmọ sí ẹni tó ń sìn wọ́n wá.

Ní Èkó níbí, Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ń forúkọ agbẹ̀bí sílẹ̀, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó dára. Àmọ́ ẹni tí a kọ́ pé kó tètè gbé aláìsàn lọ, tó wá gbé e dé tí nọ́ọ̀sì sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé, "Ẹ̀yin apànìyàn, ẹ tún ti gbé òkú dé," ṣé yóò tún gbé ẹlòmíì wá? Yóò fi í pa mọ́ ni. Nígbà míràn, ìtìjú agbẹ̀bí ló ń pa aláboyún.

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ nínú ọkàn wọn. Nọ́ọ̀sì méjì fún ọgbọ̀n aláìsàn, iná lọ, àwọn tó kù ti jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tọ́jú aláboyún ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Èmi náà ti sùn lórí àga. Ìjọba ni ká di ìyẹn rù, kì í ṣe obìnrin tó ń rọbí. Ìwà kì í fi bẹ́ẹ̀ náni lówó, ohun èlò kan pàápàá kò wọ́n: lọ́dún 2023, ìwádìí E-MOTIVE tí Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó ṣe é fi hàn pé tí a bá tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ìyá láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dà, tí a sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó burú fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ọ̀rá lásán ni. Ohun tó ṣòro ni kí obìnrin náà ti débẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dà.

Nítorí náà, ohun tí mo wá tọrọ kò pọ̀. Ẹ̀yin ará ètò ìbánigbófò Ìlera Èkó, ẹ gbé tábìlì yín kúrò ní ọ́fíìsì wá sí èbúté, ní òwúrọ̀ tí ẹja ń gúnlẹ̀, nítorí aago yẹn lowó ń wọlé. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwòsàn, ẹ wá àwọn agbálẹ̀, àwọn aṣọ́nà, àwọn alágbàfọ̀ yín jáde, ẹ bi wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ, kí ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ẹ sì fi nǹkan kún owó oṣù wọn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín máa dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un láṣẹ náà kí ẹ tó lọ sójú omi.

Àwa obìnrin mẹ́fà kan la ti ń dán tiwa wò fún bí ọdún méjì. Kò ní orúkọ, kò ní ẹ̀wù ẹgbẹ́. Obìnrin agbálẹ̀ ìjọ́sí wà nínú wa. Ó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni ọ̀gá wa ní tòótọ́. Aláboyún tí a bá mọ̀, ọ̀kan nínú wa á mú un bí àbúrò. Nọ́ńbà fóònù wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò káàdì rẹ̀ wà lórí fóònù wa. Ọjọ́ tí ìrọbí bá mú un, a kò ní sọ fún un pé kó lọ sí ilé ìwòsàn. A ó pàdé rẹ̀ ní èbúté, a ó bá a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì. Mo máa ń wọ aṣọ funfun mi àtijọ́ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mo ní kó bá wa wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ epo. Kò fún mi lésì. Ó wọ inú àgọ́ rẹ̀ lọ, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá kan jáde, ó ti so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gbé obìnrin kan lórí pákó ìjókòó ọkọ̀ òun, tí ọmọ rẹ̀ kò yè, epo inú kẹ́ẹ̀gì yẹn kì í gbẹ, òun kì í sì í fi gbé ẹja. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. N kò dá a mọ̀. Òun ti dá èmi mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.